Kí ló dé tí ewédú mi fi tanná nígbà tí kò tíì ga?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi lóṣù kìíní yìí, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan n'Ìbàdàn, nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tó sì gùn ní 20. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbìn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ dára débi pé àwọn aládùúgbò jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí mo tún gbìn lóṣù kẹfà jẹrà lórí ìdúró nígbà tó di oṣù keje. Mo wá gbin ewédú lóṣù kọkànlá, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, síbẹ̀ kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ tó fi yọ òdòdó, ewé rẹ̀ kò sì tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ṣé ilẹ̀ mi ni kò dára ni, àbí ọwọ́ mi? Ó wù mí kí n máa rí ẹ̀fọ́ já nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀."

Mà, ẹ kú làálàá. Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀ yín, kò sì sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Ilẹ̀ tí kò dára kì í mú tẹ̀tẹ̀ tí aládùúgbò ń jẹ nínú rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ kejì sí ìgbà tí àrùn tó ń bá a jà lágbára jù, ẹ sì gbin ewédú sí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ yọ ewé mọ́. Ẹ lè máa já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé yín yípo ọdún, mo fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ kò ní jẹ́ ẹ̀fọ́ kan náà ní gbogbo oṣù. Àsìkò ni yóò máa yan ẹ̀fọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ewédú bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun ló dùn yín jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi nìkan ni ewédú ń fẹ́, pé ẹni tó bá ti ní kànga lè gbìn ín nígbàkúùgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewédú ń ṣọ́ bí òru ṣe gùn tó. Nígbà tí òru bá kúrú, ewé ni yóò máa yọ, yóò máa ga. Bí òru bá ti wá ń gùn sí i, ó ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé nìyẹn, ọkàn rẹ̀ á kúrò lórí ewé, á bọ́ sórí irúgbìn. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán oṣù kẹfà fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú gùn ju ọ̀sán oṣù kejìlá lọ. Èmi àti ẹ̀yin lè má fura sí ìyàtọ̀ yẹn, ewédú ń fura sí i. Èyí tí ẹ gbìn lóṣù kọkànlá, inú òru gígùn ló hù sí. Bó ṣe gbọ́n tó láti ka òru, irúgbìn ló ti ń wá. Ẹ ì bá da gbogbo omi kànga yín sí i, omi kò lè sọ òru di kúkúrú.

Ìdí nìyí tí àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkúrọ̀ kì í dúró de ewédú ẹ̀ẹ̀rùn kó di ńlá. Wọ́n á fọ́n irúgbìn rẹ̀ kó há mọ́ra. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó tó ronú àtitanná, wọ́n á fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n á dì í ní ìdì, wọ́n á sì tún gbin nǹkan mìíràn sójú ibẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹwàá lọ. Àmọ́ ewédú tí ẹ fẹ́ máa gé, tí yóò tún máa rú, oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn ín. Nígbà tó bá tó orúnkún, ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi ìdí tó tó ínǹṣì 6 sílẹ̀ pẹ̀lú ewé díẹ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ̀ka á ti yọ lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó tún gé. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀mẹrin kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Bí ẹ bá ń ra irúgbìn, ẹ béèrè Amúgbádù, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì máa ń ga. Oníyaya ni èyí tí etí ewé rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ayùn. Méjèèjì ló dára lẹ́nu, àmọ́ Amúgbádù ló yá gé.

Èèpo irúgbìn ewédú le koko. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ á hù lọ́sẹ̀ yìí, díẹ̀ á hù lóṣù tó ń bọ̀, èyí tó pọ̀ jù á sùn sínú ilẹ̀. Omi gbígbóná ni oògùn rẹ̀, àwọn ìyá wa sì ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ri aṣọ náà bọ inú omi yẹn, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé èje, ẹ yọ ọ́, ẹ sì jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ lọ dá ẹnìkan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti sè é nìyẹn. Ẹ sá a sí ibòji kó má bàa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ tó fọ́n ọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó rí i tí yóò ti máa yọjú.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn yìí ṣe pàtàkì sí mi. Ọdún kan wà tí mo ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ti ewédú lọ́wọ́ ẹnì kan tó dì í sínú ọ̀rá tó dára, tó kọ nǹkan sí i lára. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ni mo fi gbìn ín, nígbà tí òjò oṣù karùn-ún ń rọ̀ bó ṣe yẹ. Ewédú tó hù nínú gbogbo rẹ̀ kò pé ogún. Owó irúgbìn kọ́ ló dùn mí. Òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó rọ̀ sórí ilẹ̀ òfìfo ló dùn mí, torí ẹnikẹ́ni kò lè dá ìyẹn padà fún mi. Láti ìgbà náà, n kì í gbin irúgbìn tí n kò tíì dán wò. Ẹ ka hóró 20, ẹ tẹ́ ẹ sórí tíṣù tútù nínú àwo, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ ka èyí tó ti yọ ẹnu. Bó bá tó 15, irúgbìn gidi ni. Bó bá jẹ́ 10, ẹ gbin ìlọ́po méjì. Bí kò bá tó 5, ẹ má fi ilẹ̀ yín ṣòfò. Ti ewédú, lẹ́yìn omi gbígbóná ni kí ẹ tó dán an wò.

Ó kan tẹ̀tẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe dá àrùn yẹn mọ̀ nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, torí bó bá ti ráyè wọlé, ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń gba bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jáde ní ìdájí, kí oòrùn tó ràn. Ẹ wo ọ̀mùnú rẹ̀, lókè téńté. Ẹ ó rí ibi tó ti rọ̀, tó dúdú bí ẹni pé wọ́n ta omi gbígbóná sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: irun funfun wẹ́wẹ́ ló dúró lórí rẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan sì ní orí dúdú bíńtín, bí orí ìṣáná tí wọ́n sọ di kíún. Ìbátan nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ni. Afẹ́fẹ́ ń gbé e, òjò tó ń ta ń gbé e, etí aṣọ yín tó bá kan ewé náà bí ẹ ṣe ń kọjá lè gbé e dé bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ohun mẹ́ta ló máa ń pè é wá: òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ewé tó há mọ́ra tí atẹ́gùn kò fi ráyè kọjá, àti ajílẹ̀ tó pọ̀ jù, tó mú kí ewé rọ̀ kó sì kún. Oṣù keje ni gbogbo rẹ̀ máa ń pàdé. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti mú, ẹ gé e kúrò nísàlẹ̀ ibi tó ti jẹrà, ẹ kó o jáde kúrò nínú ọgbà pátápátá, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí ẹ ó tún kó padà sílẹ̀. Ẹ tu díẹ̀ nínú àwọn tó kù kí àyè lè wà. Oògùn wà lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fín oògùn sára ẹ̀fọ́ tí yóò sè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá gbìn lẹ́yìn àárín oṣù karùn-ún, ẹ má retí pé ẹ ó máa gé e títí. Ẹ fà á tu lọ́sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tó ṣì rọ̀, kí àrùn náà tó mọ̀nà ibẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kékeré yìí ló tilẹ̀ dùn jù nínú ọbẹ̀.

Fífọ́n rẹ̀ náà ní ọgbọ́n. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé ọwọ́ kì í lè ṣe é ní déédéé. Ibì kan á há, ibì kan á ṣófo. Ẹ po ṣíbí tíì kan mọ́ yanrìn gbígbẹ kọ́ọ̀pù mẹ́rin, kí ẹ wá fọ́n yanrìn náà. Ẹ fi ọwọ́ ra ilẹ̀ lórí rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, torí bó bá jìn, kò ní jáde. Ẹ bu eérú yí etí bẹ́ẹ̀dì ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèrà á kó irúgbìn yín lọ sílé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Kí wá ni ẹ ó jẹ lóṣù keje tí tẹ̀tẹ̀ ń ṣàìsàn? Ṣọkọ. Òjò kì í dẹ́rù bà á bẹ́ẹ̀, kò sì kọ ibòji díẹ̀. Ẹ gbìn ín lóṣù karùn-ún, yóò ti máa dúró dè yín. Ọ̀tá tó ní, inú ilẹ̀ ló wà. Nígbà tí ẹ bá fa ṣọkọ tàbí ewédú tó ràn tu, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá rí kókó kéékèèké lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn, aràn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló wà nínú wọn. Ṣọkọ, ewédú, ilá àti tòmátì ni oúnjẹ rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti tu ewédú tàbí ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò, ẹ má fi ṣọkọ rọ́pò ewédú. Èyí nìkan tó láti gba ọgbà ẹ̀yìnkùlé kalẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ilẹ̀ àwọn ti ṣá ni kò mọ̀ pé kókó ìdí gbòǹgbò yìí ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Gbúre kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ ní gígùn ìka ọwọ́, ẹ tì í bọlẹ̀, ó parí. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í pẹ́ síbẹ̀ gbà á. Amúnútutù náà rọrùn: ẹ jẹ́ kó fà sára ọgbà, ẹ máa já ọ̀mùnú rẹ̀.

Ùgú, ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní ilẹ̀ Ìgbò la ti gbà á, ó sì ti di tiwa nínú ọbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbìn ín nílẹ̀ wa ni pé wọ́n ń sá irúgbìn rẹ̀ gbẹ, bí ẹni sá àgbàdo. Bí hóró ùgú bá gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá la igbá rẹ̀, ẹ fọ hóró rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan péré, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni kí ọ̀kan fi jìnnà sí èkejì, kí ẹ sì fún un ní ohun tí yóò gùn. Ẹ gbìn ín lóṣù kẹrin, ní etí ọgbà. Akọ wà nínú rẹ̀, abo wà. Abo ló máa ń sanra, tí ewé rẹ̀ máa ń tóbi, tó sì ń so igbá. Ẹ kò lè dá wọn mọ̀ lára hóró, nítorí náà ẹ gbìn tó mẹ́fà tàbí méje.

Ilá, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ gbìn ín ní ìparí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, bí oṣù méjì yóò so, ẹ sì máa ká a lọ́jọ́ méjì-méjì, torí bí ẹ bá jẹ́ kó gbó lórí igi, igi náà á rò pé iṣẹ́ òun ti parí, kò ní so mọ́.

Tòmátì, bí ẹ kò bá ní sùúrù, mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Òjò wa kì í jẹ́ kó gbádùn, àrùn inú ilẹ̀ kan sì wà tó ń mú kó rọ lọ́sàn-án gangan bí ẹni tí ebi pa, tí kì í sì í jí mọ́. Bó bá wù yín dandan, ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sínú ike ní ìparí oṣù keje, ẹ lọ̀ ọ́ sí bẹ́ẹ̀dì ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni yóò máa pọ́n. Ata rodo ní ìfaradà jù ú lọ, ó sì lè wà lórí ìdúró jù ọdún kan. Igi ata márùn-ún tó fún ìdílé kékeré.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ló dára jù fún ẹ̀fọ́ eléwé, àmọ́ ẹ má gbé e láti ilé adìẹ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì tààrà. Ìgbẹ́ tútù gbóná, òórùn rẹ̀ tó ń ta imú yẹn gan-an ló ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ síbi tí òjò kò ti ní rọ̀ sí i, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ máa rú u lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán. Nígbà tó bá ti dúdú, tí kò rùn mọ́, tí ẹ bu ún lọ́wọ́ tí kò móoru, ó ti jinná. Rọ́bà ọ̀dà lítà mẹ́rin, méjì irú rẹ̀, ló tó bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó gùn ní 15. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbin nǹkan. Eérú náà dára, àmọ́ ẹ má po òun àti ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí eérú máa ń lé agbára inú ìgbẹ́ jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín wọn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe ilẹ̀ yín nìyí. Ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20 gba bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó gùn ní 15, pẹ̀lú poro tí ẹsẹ̀ yín á máa gbà kọjá láàárín wọn, yóò sì ku etí kan fún ùgú, amúnútutù àti ewúro. Ẹ má jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láì tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà òjò, ẹ gbé e sókè tó ínǹṣì 6 sí 8 kí omi lè ṣàn lọ. Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ yí i padà: ẹ wó o wálẹ̀, kí ẹ mú etí rẹ̀ ga díẹ̀ ju àárín lọ, kí omi tí ẹ bá bù sí i lè dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń fi omi yín ṣòfò.

Ẹ má gbin bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́ á pọ̀ lọ́sẹ̀ kan débi pé ẹ ó máa pín in kiri, lẹ́yìn náà ẹ ó lo oṣù kan láìní nǹkan kan. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ gbin ìdajì bẹ́ẹ̀dì kan lónìí, ìdajì kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá tu ibì kan, ẹ gbin nǹkan síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Òjò àkọ́rọ̀ tó bá rọ̀ ní ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ẹ má gbà á gbọ́. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn á sì ti yọ ẹnu kó tó kú. Ẹ fi òjò yẹn pa ilẹ̀ dà, kí ẹ kó ìgbẹ́ tó ti jinná sí i. Nígbà tó bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta láìjìnnà síra, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀. Oṣù kẹrin, ewédú àti ùgú. Oṣù karùn-ún, ṣọkọ, àti ewédú sí i. Ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré inú oṣù kẹjọ, ìgbà tí òjò máa ń sinmi, ẹ fi tu àwọn tó ti gbó, kí ẹ tún ilẹ̀ ṣe, torí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ń bọ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ á sì tún ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn àrọ̀kúrò, ó di ọwọ́ ẹni tó bá ní omi.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ din ilẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀dì méjì tí ẹ bomi rin dáadáa sàn ju mẹ́rin tí ẹ ń fi omi tan jẹ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ló tó bẹ́ẹ̀dì kan lójúmọ́. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ bù ú, kí ó sì wọlẹ̀ jinlẹ̀. Bíbu díẹ̀díẹ̀ lójú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti máa gbé òkè, oòrùn ọ̀sán á sì bá a níbẹ̀. Ẹ gé koríko gbígbẹ bo ìdí wọn. Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, tó kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, dára púpọ̀ fún èyí, kí ẹ ṣáà ti gé e kó tó yọ irúgbìn. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, ẹ má dà á nù, bẹ́ẹ̀dì ni kó gbà á. Tẹ̀tẹ̀ ló máa ń gbádùn oòrùn ìgbà yìí jù, àrùn òjò kò sì sí níbẹ̀, àmọ́ òun náà á máa yára yọ orí, nítorí náà fífà tu ni o, kì í ṣe gígé. Ìdin tó máa ń ká ewé rẹ̀ pọ̀ bí ẹní, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà á ní ìrọ̀lẹ́. Ewé dóńgóyárò tí ẹ gún, tí ẹ rẹ mọ́jú, tí ẹ sẹ́, tí ẹ fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí, ẹ fi wọ́n ọn, ó ń lé tata àti àwọn kòkòrò mìíràn sẹ́yìn.

Ewúro ni yóò sì gbà yín nínú ọyẹ́. Ẹ gé igi rẹ̀ tó gbó díẹ̀, ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ti ìdajì rẹ̀ bọlẹ̀ nígbà òjò. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀dá kì í pa á. Ìgbà tí gbogbo ọgbà bá ti rẹ̀wẹ̀sì lóṣù kìíní, òun á ṣì wà ní tútù yọ̀yọ̀, ẹ ó rí nǹkan já fún ọbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú yín rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo sọ, ẹ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ewébẹ̀ àti èso, NIHORT, wà ní Ìdí-Iṣin níbẹ̀ n'Ìbàdàn láti ọdún 1975. Ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa wà lára ohun tí iṣẹ́ wọn dá lé lórí.

Nípa ewédú tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tu gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́la, ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí irun wẹ́wẹ́ méjì ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, bí irùngbọ̀n ẹja àrọ̀, àti òdòdó yẹ́lò kékeré lábẹ́ àwọn ewé òkè. Èyí tó kọ́kọ́ tanná nínú wọn, ẹ fà á tu, ẹ fi se ọbẹ̀ bó ṣe mọ. Irú rẹ̀ kò yẹ kó wà nínú irúgbìn yín, torí ọmọ tó bá bí á máa kánjú tanná bíi tirẹ̀. Èyí tí kò tíì tanná, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú un bọ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti so, ẹ so òwú pupa mọ́ ọn, ẹ máa bomi rin òun nìkan, ẹ má já ewé kankan lára rẹ̀ mọ́. Èso rẹ̀ á gùn bí ìka, á ní ìlà lára, á tutù, lẹ́yìn náà á gbẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mì ín létí yín tó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, ẹ ká a, ẹ pa á sínú ìgò gbígbẹ, ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i lára. Tó bá di oṣù kẹrin, ẹ gbé omi kaná.